Ilé ní Ìgbà Ọyẹ́

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sí òpin, tí òjò àrọ̀kúrò sì ti dá, ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá a máa yí padà láàárín òru kan ṣoṣo. Ẹni tí ó fi ooru sùn ní alẹ́, tí ó ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, a ta jí ní ìdájí, a sì máa fi ọwọ́ wá aṣọ ìbora kiri lórí ẹní. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kùrukùru a ti bo orí òkè mọ́lẹ̀, oòrùn a yọ bí àwo idẹ tí kò dán mọ́, ètè a gbẹ, ìlẹ̀kùn tí ó ti ń há láti ìgbà òjò a wá máa ṣí wọ́rọ́. Àwọn tí wọ́n bá pàdé lọ́nà odò a bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn pé, “Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn.” Ọyẹ́ ti dé nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà lọ ni ilé ti ń retí ọdún. Kérésìmesì àti ọdún tuntun kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sì sí ìgbà mìíràn tí àwọn ohun kéékèèké inú ilé ń dùn mọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀, olówó ni ó sábà máa ń dùn mọ́ jù: òun ni ó ń pa màlúù, òun ni aṣọ rẹ̀ ń tàn lójú agbo. Ṣùgbọ́n ìrètí ọdún, pẹ̀lú iná àárọ̀, èso ìgbà ọyẹ́ àti iṣẹ́ tí gbogbo ọwọ́ ilé jọ ń ṣe, tálákà ní in bí ọlọ́rọ̀ ti ní in.

Ọyẹ́ kì í ṣe òtútù lásán. Afẹ́fẹ́ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó sì ti ń fẹ́ wá, láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn. Ní orílẹ̀-èdè Chad ni ibì kan wà tí a ń pè ní Bodélé. Adágún omi ńlá kan wà níbẹ̀ ní ayé àtijọ́. Adágún náà ti gbẹ láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ni ó sì kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú erùpẹ̀ yìí jẹ́ èèpo ara àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ti gbé inú omi náà rí. Afẹ́fẹ́ a gbọ́n ọn sókè, a gbé e la ilẹ̀ Haúsá kọjá, a sì dà á sórí tábìlì àti ọmọrí ìkòkò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a tilẹ̀ ré òkun kọjá dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí ó ń nu àga lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí ìyá rẹ̀ sì tún ń fi ìka fa ilà sí ojú àga náà láti fi hàn án pé kò mọ́, kò jẹ̀bi rárá. Ìsàlẹ̀ adágún kan ni ó ń nù.

Àwọn ìlú òkè, bí Ṣakí, Ìgbòho, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, ni ọyẹ́ kọ́kọ́ ń dé, ibẹ̀ náà ni ó sì ń pẹ́ sí jù. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ òkun a máa dá a padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni àwọn ará ibẹ̀ ń rí nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ Èkó tí ó bá lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà ní Ṣakí ní oṣù kejìlá fi ń gbọ̀n bí ọmọ adìẹ tí òjò pa, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹnu a tún yà á ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ìkùukùu òjò kò sì sí tí yóò bo ilẹ̀ ní òru bí aṣọ. Gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán ni ó ń fò lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Gbígbẹ yìí náà ni ó ń mú kí omi àmù tutù ju ti ìgbà mìíràn lọ. Omi a máa sun díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a fà á mu, bí ó sì ti ń fà á mu ni ó ń gba ooru lọ́wọ́ omi tí ó kù nínú ìkòkò. Àwọn amọ̀kòkò ti mọ èrè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Àdín àgbọn pàápàá, tí ó máa ń ṣàn bí omi, a dì funfun nínú ìgò ní òwúrọ̀. Ọmọdé a gbé ìgò náà sínú oòrùn, a jókòó tì í, a sì máa wò ó bí ó ti ń yọ́ láti etí wá sí àárín, títí ẹnìkan yóò fi pè é pé iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ìdí iná ni ilé ti ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ní abúlé, àti nínú àwọn agbo ilé tí wọ́n ṣì ní àgbàlá, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jí a kó ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ jọ, a ṣáná sí i, kò ní í pẹ́ tí àwọn yòókù yóò fi pé yí i ká. Baba àgbà a fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ iná. Àwọn ọmọ a na àtẹ́lẹwọ́ sí i, nígbà tí iwájú wọn bá sì ti gbóná, wọn a kọ ẹ̀yìn sí i. Èéfín kì í ṣe ojúsàájú. Ibi tí ènìyàn bá sún sí ni ó ń bá a dé. Ẹni tí ó bá ní iṣu a tì í bọ iná. Iṣu sísun tí a fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ tí ó jóná kúrò, tí a bù sí méjì, tí ooru ń rú jáde láti inú rẹ̀, tí a sì fi kan epo pupa tí a bu iyọ̀ sí, oúnjẹ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ nínú òtútù kì í gbàgbé rẹ̀. Níbi tí kò bá sí iṣu, ẹ̀kọ mímu gbígbóná àti àkàrà ni. Ọmọ tí a bá rán lọ ra àkàrà kì í kọ iṣẹ́ ní ìgbà ọyẹ́, nítorí pé yóò yáná lọ́dọ̀ alákàrà kí ó tó padà, yóò sì sọ nílé pé èrò ni ó pọ̀.

Ìdí iná yìí náà ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sọ fún wọn ní ìgbà iṣẹ́ oko: ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ọdún tí a kan páànù sí i, ìdí tí a fi ń pe yàrá kan ní yàrá Ìyá Kúmásì, àti èyí tí ó wà ní ìdálẹ̀ nínú àwọn ọmọ bàbá, tí a ń retí fún ọdún.

Ṣùgbọ́n iná tí ó dùn ún yá yìí ni ọ̀tá ilé. Ní ìgbà tí koríko gbẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹta iná kan ṣoṣo tó láti jó oko odidi ìdílé. Ní ọdún 1983, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá mú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, iná ìgbẹ́ jó oko kòkó púpọ̀púpọ̀ ní ilẹ̀ Gáńà, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fi ogún ọdún tọ́jú igi wọn sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nítorí èyí ni àgbẹ̀ tí ó gbọ́n fi ń ro etí oko rẹ̀ mọ́ kedere kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má baà rí ohun tí yóò gùn wọlé. Nínú ilé, ẹni tí ó bá kúrò ní ìdí iná kẹ́yìn ni ó gbọ́dọ̀ da omi sí i, kí ó sì fi igi tú eérú rẹ̀ wò.

Èyí tí ó tún burú ju iná tí ń jó lọ ni ògúnná tí àwọn kan máa ń gbé wọ yàrá ní òru nítorí òtútù, tí wọ́n sì ń ti ìlẹ̀kùn àti fèrèsé pa mọ́ra. Ògúnná a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó bá sùn tì í lè má jí mọ́. Aṣọ ni kí ènìyàn fi bo ara ní òru, kì í ṣe ògúnná. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ó bá ní ọmọ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ gidigidi ní àkókò yìí. Òtútù àti àìmu omi tó a máa ru ìrora egungun rẹ̀ sókè. Nítorí náà aṣọ òtútù, omi ìwẹ̀ gbígbóná àti omi mímu ní gbogbo ìgbà kì í ṣe ìkẹ́ra fún un. Ìyá tí ó bá ń ṣe èyí ń gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọjọ́ ọdún tí ì bá fi wà lórí ibùsùn.

Lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sá fún, òrí ni ó kàn. Ara tí ọyẹ́ bá ti nà a máa fún bí ẹni tí ó yí nínú eérú, gìgísẹ̀ a sì máa là. Inú ọ̀dàn, ní ìhà Ṣakí àti Kíṣí, ni igi òrí ti ń hù, ibẹ̀ sì ni òrí ti ń wá sí ọjà àwọn ìlú inú igbó. Ó le nínú òtútù. Ìyá a fi èékánná ha á, a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, a sì fi pa ọmọ láti iwájú orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò wu gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ìpara inú ìgò tí ó tíì lé e kúrò nílé.

Àgbálùmọ̀ náà a dé ní oṣù kejìlá. Bí ó ti ń pọ́n ni ó ń já bọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n bá gbọ́ pó ní ìdí igi ní òwúrọ̀ a máa sáré du ibẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde máa ń kan dé ibi tí ojú fi ń dì. Àwọn àgbà ní ó di ìgbà tí òjò bá kán sí i kí ó tó dùn. Ta ni yóò dúró di ìgbà náà? Ọmọ a fa omi rẹ̀ mu tán, a máa jẹ èèpo rẹ̀ lẹ́nu títí yóò fi ki, a sì nu kóró rẹ̀ mọ́ sínú àpò, nítorí pé kóró àgbálùmọ̀ ni owó ayé ọmọdé ní ìgbà ọyẹ́: òun ni wọ́n fi ń ta ayò, òun ni wọ́n fi ń san gbèsè.

Owó tòótọ́, ti àwọn àgbà, kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ìlú tí ń gbin kòkó, bí Oǹdó, Ìlẹ́ṣà àti abúlé Ìbàdàn, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni a ń ká èyí tí ó pọ̀ jù. Wọn a là á, wọn a fi ewé bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, wọn a sì sá a. Ọyẹ́ sì dára fún sísá kòkó ju oòrùn ìgbà mìíràn lọ. Láti ọdún 1947 ni ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó sílẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ní tirẹ̀ ní ọdún 1954. Bí iye owó tí wọ́n kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kòkó bá dára, baba ilé mọ iye ọ̀pá aṣọ tí òun lè rà kí kòkó rẹ̀ tó gbẹ. Ní ọdún 1986 ni a tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Láti ìgbà náà, iye tí a ń ra kòkó ń lọ sókè sódò, baba ilé sì ń fi etí sí ilẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò tà á.

Bí aṣọ bá ti délé, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni ó ń lọ, ibẹ̀ sì ni sùúrù ọmọdé ti ń tán. Kò sí aránṣọ tí kì í gba aṣọ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ ní oṣù kejìlá. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni ọmọ ń lọ wo ti tirẹ̀: ní ọjọ́ kìíní, ó wà nínú òkìtì, ní ọjọ́ kẹrin, a ti gé e, ní ọjọ́ kẹfà, ó ní apá kan. “Ọ̀la ni, ọmọ mi,” ni aránṣọ ń wí, láìgbé ojú sókè. Ọmọ a sì dúró díẹ̀ sí i, kí ó lè gbọ́ ìró ẹ̀rọ, kí ó sì rí i dájú pé kì í ṣe aṣọ ẹlòmíràn ni a kọ́kọ́ fà. Àánú a máa ṣe ènìyàn fún baba tí ó lọ yá owó èlé nítorí aṣọ ọjọ́ kan. Ọmọ tí a fọ aṣọ rẹ̀ àtijọ́, tí a fi aró rẹ ẹ́, tí a sì lọ̀ ọ́, a bọ́ sí òde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní í jókòó ti gbèsè nígbà tí oṣù kìíní bá dé.

Ọdún Kérésìmesì kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Àgbádárìgì, ní oṣù kejìlá ọdún 1842, ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ CMS pàdé, tí wọ́n sì jọ ṣe é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í jẹ́ kí ọdún jẹ́ ti ẹnìkan. Àwo ìrẹsì tí a fi aṣọ bò a ti ilé onígbàgbọ́ lọ sí ilé mùsùlùmí, ẹran Iléyá a sì bá ọ̀nà kan náà padà. Àwọn ọmọ tí ń gbé àwo náà a sì mọ ilé tí ọwọ́ wọn ṣí jù. Ní òpin ọdún 2000, ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Kérésìmesì, tó bẹ́ẹ̀ tí àwo ń lọ tí àwo ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Títí di nǹkan bí ọdún 1970, ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà ṣíṣà á lórí àtẹ, tí àwọn obìnrin ń yọ òkúta inú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọdún, ti tó láti mú kí ọmọ máa rìn yí ìyá rẹ̀ ká.

Síbẹ̀, ènìyàn ni ilé ń retí ju oúnjẹ lọ. Kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká tó dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, ìwé kékeré kan ni ó sábà máa ń sọ pé ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ń bọ̀ fún ọdún, kì í sì í dá ọjọ́. Nítorí náà ìyá a máa bu oúnjẹ sọ́tọ̀ ní alaalẹ́, a fi àwo mìíràn bò ó, a sì gbé e sórí àjà. Bí ẹni náà kò bá dé, àwọn ọmọ ni yóò jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀. Nítorí èyí, àwọn ọmọ a máa fẹ́ kí ó dé, wọn a sì tún máa fẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dún ní ìkóríta ní òru, gbogbo ilé a dákẹ́ láti gbọ́ bóyá yóò dúró.

Ọdún kan wà tí àwọn ọkọ̀ dúró ju bí a ti retí lọ. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Òfà ti ń ṣòwò ní Gáńà. Ọ̀pọ̀ bí ọmọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà sì bí ọmọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń já ènìyàn sílẹ̀ ní àwọn ìlú wọ̀nyí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ wọn lè kó. Àwọn kan wà nínú wọn tí kò fi ojú rí ilé bàbá wọn rí, tí èdè Haúsá tàbí èdè Akan yá lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. A pín yàrá. A pín aṣọ ìbora. Ọmọ márùn-ún sùn lórí ẹní tí ọmọ méjì ń sùn tẹ́lẹ̀. Àwo oúnjẹ tí a ti ń gbé sórí àjà láti ọdún dé ọdún kò tó nǹkan mọ́, ìkòkò ńlá ni a gbé kaná. Àwọn tí wọ́n ti ń rán owó ọdún wálé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá jókòó ní ìdí iná àárọ̀ láìní kọ́bọ̀, tí àwọn ará ilé sì ń ti iṣu bọ iná fún wọn.

Títí di òní, ìrìn òpin ọdún kò dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ń gbé Àbíjàn a máa wálé ní oṣù kejìlá, a sì ń gbọ́ èdè Faransé ní òde ìlú wọn bí ẹni pé ọjà Àbíjàn ni. Wọn a fi ẹ̀rọ ìléwọ́ sọ wákàtí tí wọn yóò dé, síbẹ̀ àwọn àgbà kan kò ní í sùn títí ọkọ̀ yóò fi dúró.

Bí ọdún tuntun bá ti la ọ̀sẹ̀ kan, wọn a tún di ẹrù. Ìyá a máa di gààrí, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ sínú àpò, a sì fi àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n tán lé e lórí, pé yóò pọ́n kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, baba àgbà a tún fa àpótí rẹ̀ sí ìdí iná. Ọyẹ́ ṣì kù níta, àyè sì pọ̀ yí iná náà ká.